Kíka Bíbélì Fúnra Ẹni àti Gbígba Ẹ̀kọ́ Lẹ́nu Olùkọ́

Ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ Ìwé Mímọ́ ń gbà dé ọ̀dọ̀ onígbàgbọ́. Èkíní ni kíkà tí onítọ̀hún fi ojú ara rẹ̀ ka Bíbélì, yálà ní ìdájí kí ilé tó jí tàbí ní alẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Èkejì ni àlàyé tí ó gbọ́ lẹ́nu àwọn tí ìjọ yàn láti máa kọ́ni, ìyẹn àlùfáà, pásítọ̀, olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, tàbí èyí tí ó rí nínú ìwé àlàyé, tí í ṣe ìwé tí àwọn onímọ̀ kọ láti la ìtumọ̀ Bíbélì yéni ní ẹsẹ kọ̀ọ̀kan. Láàárín àwọn Kírísítẹ́nì ilẹ̀ Yorùbá, ẹni tó di ọ̀nà kìíní nìkan mú a máa sọ pé Ẹ̀mí Mímọ́ ló ń kọ́ òun, òun kò nílò ènìyàn kankan. Ẹni tó di ọ̀nà kejì nìkan mú a sì máa sọ pé ohun tí Bàbá bá ti wí láti orí àga ìwàásù, ó parí. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì kù síbì kan. Iṣẹ́ tí kíkà ń ṣe yàtọ̀ sí èyí tí olùkọ́ ń ṣe, kò sì sí èyí tó lè gba ipò èkejì kí nǹkan má bàjẹ́: ẹni tí kò kà kò ní ohun tí yóò fi yẹ ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ ọ wò, ẹni tí kò sì ní olùkọ́ kò ní ẹni tí yóò sọ fún un pé ó ti ṣì í kà.

Inú Òfin Mósè gan-an ni a ti kọ́kọ́ rí ètò yìí. Orí kẹtàdínlógún ìwé Deutarónómì pàṣẹ pé nígbà tí ọba kan bá gorí ìtẹ́ ní Ísírẹ́lì, kí ó kọ ẹ̀dà òfin náà fún ara rẹ̀, kí ẹ̀dà náà máa wà lọ́dọ̀ rẹ̀, kí ó sì máa kà á ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú èyí tó wà níkàáwọ́ àwọn àlùfáà ọmọ Léfì ni kí ó ti dà á kọ. Kò sí ọba tí kò ní akọ̀wé àti àlùfáà tó lè máa ka òfin sí i létí, síbẹ̀ òfin náà kò gbà kí ó fi ti ẹlòmíràn ṣe, nítorí ọba tó jẹ́ pé ohun tí àwọn ará ààfin bá fẹ́ kí ó gbọ́ nìkan ni yóò máa gbọ́, kò ní pẹ́ tí ọkàn rẹ̀ yóò fi gbé ga ju ti àwọn ará rẹ̀ lọ. Bákan náà, òfin kò gbà kí ọba jókòó sí kọ̀rọ̀ yàrá rẹ̀ kí ó kọ èyí tó wù ú. Àwọn àlùfáà ló ń ṣọ́ ojúlówó ìwé náà kí ọba má baà yí i padà, ọba pẹ̀lú sì ń kà á kí àwọn àlùfáà má baà sọ ọ́ di ti ara wọn.

Orí kẹjọ ìwé Nehemáyà fi hàn bí ètò náà ṣe rí nígbà tí ó kan gbogbo ìlú. Lẹ́yìn tí àwọn Júù ti oko ẹrú Bábílónì dé, tọkùnrin tobìnrin wọn péjọ sí gbàgede iwájú Ẹnubodè Omi ní Jerúsálẹ́mù ní ọjọ́ kìíní oṣù keje, Ẹ́sírà akọ̀wé sì dúró lórí pèpéle igi, ó ka ìwé òfin láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán gangan. Ọkùnrin mẹ́tàlá ni a dárúkọ, pẹ̀lú àwọn ọmọ Léfì, pé wọ́n ń ṣàlàyé ohun tí a kà kí ó lè yé àwọn ènìyàn. Ohun tí ọ̀pọ̀ ìwàásù lórí orí yìí kì í mẹ́nu kàn ni èyí tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kejì, nígbà tí àwọn olórí ìdílé tún padà tọ Ẹ́sírà wá láti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò fínnífínní, tí wọ́n sì rí i nínú rẹ̀ pé ó yẹ kí wọ́n máa gbé inú àtíbàbà nígbà àjọ̀dún oṣù keje, àṣà tí wọn kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìgbà Jóṣúà. Wọ́n já ewé lórí òkè, wọ́n sì pa àtíbàbà sórí òrùlé àti sínú àgbàlá. Ohun tí wọ́n gbọ́ lọ́jọ́ kìíní pa wọ́n lẹ́kún. Èyí tí àwọn fúnra wọn fi ojú rí lọ́jọ́ kejì, pẹ̀lú olùkọ́ wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ló mú wọn gbéra.

Májẹ̀mú Tuntun kò yí ètò náà padà. Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí kẹjọ, ìjòyè ará Etiópíà tó ń ka ìwé wòlíì Àìsáyà nínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin rẹ̀ kò tijú láti sọ fún Fílípì pé kò lè yé òun bí kò ṣe pé ẹnìkan tọ́ òun sọ́nà; ní orí kẹtàdínlógún ẹ̀wẹ̀, àwọn ará Bèríà gba ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù àti Sílà tọkàntara, wọ́n sì ń wá inú Ìwé Mímọ́ lójoojúmọ́ láti mọ̀ bí nǹkan wọ̀nyí bá rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó fẹ́ràn láti máa tako pásítọ̀ a máa fi àwọn ará Bèríà ṣe ẹlẹ́rìí, ṣùgbọ́n ìdajì ẹ̀rí ni wọ́n ń mú wá, nítorí ìfẹ́ láti gbẹ̀kọ́ ló ṣáájú àyẹ̀wò wọn, kì í ṣe ìfura. Kò sì sí Bíbélì tí olúkúlùkù ń gbé sábẹ́ apá nígbà náà. Ìwé kíká tí a fi ọwọ́ kọ ni wọ́n ní, owó ńlá ni ó ń náni, nítorí náà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ní àjùmọ̀ṣe ni àyẹ̀wò wọn.

Ìgbà tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dé ilẹ̀ Yúróòpù láàárín ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún ni Bíbélì bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọwọ́ ará ilé àti ará oko. Martin Luther tú Májẹ̀mú Tuntun sí èdè Jámánì, ó jáde ní oṣù Kẹsàn-án 1522, odindi Bíbélì sì tẹ̀ lé e ní 1534. Orúkọ ọkùnrin yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dá nígbà tí wọ́n bá fẹ́ sọ pé kí oníkálukú ka ti rẹ̀, ṣùgbọ́n Luther yìí kan náà, lẹ́yìn tí ó bẹ àwọn ìjọ agbègbè Saxony wò tí ó sì rí bí àìmọ̀kan ṣe pọ̀ tó láàárín àwọn ọmọ ìjọ àti àwọn àlùfáà wọn, jókòó kọ ìwé kátíkísìmù méjì ní 1529. Kátíkísìmù ni ìwé ìbéèrè àti ìdáhùn tí a fi ń kọ́ni ní ìpìlẹ̀ ìgbàgbọ́. Èyí fi hàn pé ẹni tó ja ìjà kí Bíbélì lè dé ọwọ́ gbogbo ènìyàn rí i láàárín ọdún díẹ̀ pé ìwé lọ́wọ́ nìkan kò tó. Ìjọ Kátólíìkì náà rìn títí dé ibi tó jọ ọ́ láti ọ̀nà òdìkejì: àwọn bíṣọ́ọ̀bù tó péjọ sí Trent ní 1546 kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi òye ara rẹ̀ nìkan túmọ̀ Ìwé Mímọ́ lòdì sí ẹ̀kọ́ ìjọ, ṣùgbọ́n nígbà tó di 1965, ìgbìmọ̀ Vatican Kejì rọ gbogbo ọmọ ìjọ, kì í ṣe àlùfáà nìkan, pé kí wọ́n máa ka Ìwé Mímọ́ lemọ́lemọ́.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ìwé kíkà àti ìgbàgbọ́ jọ wọlé ni. Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn tí a kó lẹ́rú ní 1821, tẹ Ìwé Pọ́ọ̀lù sí Àwọn Ará Róòmù jáde ní Yorùbá ní 1850, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bí Thomas King sì ń bá ìtumọ̀ náà lọ títí odindi Bíbélì fi jáde ní 1884. Láti ìgbà náà ni ó ti di ohun tó ṣeé ṣe fún ọmọ Yorùbá láti jiyàn pẹ̀lú òyìnbó ajíhìnrere, kí ó sì ṣí ìwé tí òyìnbó náà gbé wá láti fi ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde láti 1918 ni àpẹẹrẹ tó ga jù lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún náà, nígbà tí àjàkálẹ̀ àìsàn ọ̀fìnkìn burúkú tó kárí ayé dé, àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà kan tí J. B. Sadare jẹ́ aṣáájú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í péjọ fún àdúrà àti Bíbélì kíkà, wọ́n sì pe ara wọn ní Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye. Ohun tí wọ́n kà mú kí wọ́n gbà pé àdúrà nìkan ló yẹ kí onígbàgbọ́ fi wo àìsàn, pé kò sì tọ́ láti máa ṣe ìrìbọmi fún ìkókó, àìgbọ́ra-ẹni-yé tó ti ibẹ̀ wá sì lé wọn kúrò nínú ìjọ Áńgílíkà ní 1922. Síbẹ̀, wọn kò dá dúró láìní olùkọ́. Ìwé àti ìwé ìròyìn ìjọ Faith Tabernacle láti Philadelphia ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ń gbà nínú lẹ́tà, wọ́n sì fi ara wọn sábẹ́ àwọn olùkọ́ tí wọn kò fojú rí rí, tí òkun sì wà láàárín wọn. Nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn aṣáájú ní Philadelphia, ìdè náà já. Lẹ́yìn ìsọjí ńlá tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ṣe ní Òkè-Ooyè, Iléṣà, ní 1930, wọ́n tún ké sí ìjọ Apostolic ti ilẹ̀ Bìrìtìkó. Àwọn òyìnbó ajíhìnrere dé, ṣùgbọ́n nígbà tí a rí i pé wọ́n ń lo kuináìnì nítorí ibà, ìpínyà tún ṣẹlẹ̀, apá kan nínú àwọn tó yà sọ́tọ̀ sì ń jẹ́ Christ Apostolic Church láti 1943.

Àwọn baba wọ̀nyí tọ́ sí ọlá ńlá, nítorí wọ́n ka ìwé wọn débi pé ipò olùkọ́ kò lè dẹ́rù bà wọ́n, wọ́n sì san owó ohun tí wọ́n gbàgbọ́. Àmọ́ ìtàn wọn fi àlébù ọ̀nà méjèèjì hàn. Ẹ̀kọ́ tó ti òkèèrè wá nínú àpò lẹ́tà ń kọ́ni ní tòótọ́, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ kò lè rí ìwà ẹni tó kọ ọ́, kò sì lè bi í léèrè lójúkojú. Ní ti oògùn, ẹsẹ tó sọ nípa ìwòsàn nípa àdúrà wà nínú Bíbélì, kò sẹ́ni tó lè jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ìwé kan náà ni Pọ́ọ̀lù ti pe Lúùkù ní oníṣègùn olùfẹ́, tí ó sì ti gba Tímótì nímọ̀ràn pé kí ó máa lo wáìnì díẹ̀ nítorí inú tó ń yọ ọ́ lẹ́nu. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà: ẹsẹ Bíbélì náà kórìíra kí a gbọ́ tirẹ̀ nìkan kí a sì dájọ́.

Báwo wá ni ènìyàn ṣe ń so méjèèjì pọ̀? Kíkà ni ó yẹ kí ó ṣáájú. Kí ẹni náà ka odindi orí, tàbí odindi lẹ́tà bí kò bá gùn, kí ó tó gbọ́ àlàyé ẹnikẹ́ni, nítorí ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ àlàyé, ojú alálàyé ni yóò fi máa wo ìwé náà títí. Ẹsẹ kọkànlá nínú orí kọkàndínlọ́gbọ̀n ìwé Jeremáyà fi èyí hàn kedere. Lórí kàlẹ́ńdà ọdún tuntun, lórí pátákó ìsọjí àti lẹ́yìn ọkọ̀ èrò ni a ti ń rí i, pé èrò àlàáfíà ni Ọlọ́run ń rò sí àwọn ènìyàn rẹ̀, láti fún wọn ní ìrètí lọ́jọ́ iwájú, a sì máa ń gbọ́ ọ bí ìlérí pé iṣẹ́, ọkọ, aya tàbí ilé yóò dé láàárín ọdún yìí. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ kìíní yóò rí i pé lẹ́tà ni orí náà, tí Jeremáyà kọ láti Jerúsálẹ́mù sí àwọn tí ọba Nebukadinésárì ti kó lọ sí Bábílónì. Yóò rí i ní ẹsẹ karùn-ún sí ìkeje pé wọ́n ní kí wọ́n kọ́ ilé, kí wọ́n gbin ọgbà, kí wọ́n fẹ́ aya, kí wọ́n sì máa wá àlàáfíà ìlú tó kó wọn lẹ́rú. Ní ẹsẹ kẹwàá, tó ṣáájú èyí tí gbogbo ayé mọ̀, yóò rí i pé àádọ́rin ọdún ni wọn yóò lò níbẹ̀. Àgbàlagbà tó gbọ́ lẹ́tà náà lọ́jọ́ tó dé mọ̀ pé ojú òun kò ní í rí ilé mọ́, pé àwọn ọmọ ọmọ òun ni ìlérí náà yóò ṣẹ mọ́ lára.

Gbogbo èyí ni òǹkàwé lè rí fúnra rẹ̀ láìsí ìwé mìíràn, nítorí inú àyíká ọ̀rọ̀ ni ó wà, ìyẹn àwọn ẹsẹ tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e, pẹ̀lú ẹni tó sọ ọ́, ẹni tí a sọ ọ́ fún àti ìdí tí a fi sọ ọ́. Ibi tí yóò dé tí ọ̀nà yóò dí ni kí ó kọ sílẹ̀. Ta ni Hananáyà tí orí tó ṣáájú sọ nípa rẹ̀, kí ló dé tó fi sọ pé ọdún méjì péré ni oko ẹrú náà yóò gbà, kí sì ni ìṣirò àádọ́rin ọdún náà? Ìbéèrè wọ̀nyí ni kí ó mú tọ olùkọ́ lọ, nítorí ìtàn Bábílónì, ìlànà èdè Hébérù àti ohun tí ìjọ ti kọ́ láti ẹgbẹ̀rún ọdún méjì sẹ́yìn kò sí nínú ohun tí ènìyàn lè fi ojú lásán rí. Lẹ́yìn àlàyé olùkọ́, kí ó tún padà sínú orí náà, kí ó tún un kà. Ìpadà yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fò, òun gan-an sì ni ó fi ń hàn bóyá olùkọ́ la ìwé náà yéni ni àbí ó kàn gbé èrò tirẹ̀ lé e lórí. Bí àlàyé bá jẹ́ òtítọ́, òǹkàwé yóò rí ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí ojú rẹ̀ kò tó. Bí kò bá sì jẹ́ òtítọ́, yóò wá ibi tí olùkọ́ ti rí i nínú orí náà, kò ní rí i.

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, ó yẹ kí á béèrè irú olùkọ́ tó ṣeé gbára lé. Olùkọ́ bẹ́ẹ̀ kì í bínú bí a bá ní kí ó fi ẹsẹ tó fi ń sọ̀rọ̀ hàn wá, kò sì tijú láti sọ pé ohun kan kò yé òun. Ìgbésí ayé rẹ̀ kò pamọ́ fún àwọn tó ń kọ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì lè bá a wí, nítorí bí Pétérù tí í ṣe olórí láàárín àwọn àpọ́sítélì bá lè gba ìbáwí Pọ́ọ̀lù ní gbangba ní Áńtíókù, kò sí pásítọ̀ tó ga ju ìbáwí lọ. Kò pọn dandan kí ó jẹ́ ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn. Pírísílà àti Àkúílà tí wọ́n ń pa àgọ́ tà ni wọ́n mú Àpólò, ọ̀mọ̀wé àti sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, sọ́dọ̀ tí wọ́n sì túbọ̀ là á yé e ní Éfésù, Àpólò sì gbà á. Nínú ọ̀pọ̀ ìjọ lónìí, irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ ni ìyá àgbà kan tó ti ń kọ́ni ní kíláàsì àwọn obìnrin láti ọjọ́ pípẹ́, tí kò sì sí ẹni tó fi àwòrán rẹ̀ sí ara pátákó rí.

Ewu tó wà nínú gbígbẹ́kẹ̀lé àgbà láìyẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò, orí kẹtàlá Ìwé Kìíní Àwọn Ọba sọ ọ́ láìfi bò. Wòlíì kan ti Júdà wá sí Bẹ́tẹ́lì, ó kéde ìdájọ́ sórí pẹpẹ ọba Jeróbóámù, ó sì kọ oúnjẹ ọba, nítorí Ọlọ́run ti sọ fún un pé kò gbọdọ̀ jẹun, kò gbọdọ̀ mu omi níbẹ̀, kò sì gbọdọ̀ gba ọ̀nà tó gbà wá padà. Wòlíì àgbà kan gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lé e, ó bá a lábẹ́ igi óákù, ó ní wòlíì ni òun náà, pé áńgẹ́lì ti sọ fún òun pé kí òun mú un padà wá jẹun. Irọ́ ni. Ọkùnrin tó lè kọ̀ fún ọba kò lè kọ̀ fún àgbà tó jọ ọ́ ní iṣẹ́. Kò béèrè ìdí tí Ọlọ́run yóò fi gba ẹnu ẹlòmíràn yí ohun tó ti sọ fún òun padà. Kìnnìún pa á lójú ọ̀nà. Ní àwùjọ tí a ti ń kọ́ ọmọdé láti máa dọ̀bálẹ̀ kí àgbà, ó yẹ kí á máa ka ìtàn yìí lemọ́lemọ́, kí ó lè yéni pé kíkí àgbà lọ́tọ̀, gbígbé ọ̀rọ̀ àgbà lékè ọ̀rọ̀ Ọlọ́run lọ́tọ̀.

Fóònù ti mú kí olùkọ́ pọ̀ ju bí ó ti rí nígbà àwọn ará Ìjẹ̀bú-Òde lọ, nítorí ìwàásù láti gbogbo ayé ń wọlé lórí WhatsApp àti YouTube kí ilẹ̀ tó mọ́, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni a sì ti gé kúrú débi pé kò sí ẹni tó mọ ohun tí oníwàásù sọ ṣáájú. Ohun tí irú fídíò bẹ́ẹ̀ bá sọ, kí a ka orí tó ti mú un jáde kí a tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Fóònù kan náà ní oore tirẹ̀, pàápàá fún àwọn àgbàlagbà tí kò mọ̀wé kà, tí wọ́n lè gbọ́ Bíbélì Yorùbá tí a ti kà sórí ẹ̀rọ, tàbí kí ọmọ ọmọ wọn kà á sí wọn létí láti inú rẹ̀. Ẹni tó gbọ́ odindi orí bẹ́ẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ òǹkàwé, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ọ̀rọ̀ bí ẹni tó kà á fúnra rẹ̀.

Ọwọ́ àwọn aṣáájú ìjọ ni ìbẹ̀rẹ̀ wà, kò sì ní ná wọn ní kọ́bọ̀ kan. Kí àlùfáà tàbí pásítọ̀ máa kéde ní ọjọ́ ìsinmi kọ̀ọ̀kan orí Bíbélì tí ìwàásù ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yóò dá lé, kí àwọn ọmọ ìjọ kà á nílé láàárín ọ̀sẹ̀, kí a sì fi ìṣẹ́jú díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ìsìn tàbí ní kíláàsì fún ẹni tó bá ní ìbéèrè. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin olùkọ́ Ìwé Mímọ́, ẹ má ṣe ka ìbéèrè wọn sí àfojúdi.